Ìbàdàn, Ìlọrin, Àkúrẹ́ àbí Èkó: ẹ́pọ́ọ̀tù wo ló dáa jù fún ará Òṣogbo?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe l'Óṣogbo níbí ni kí n máa bá àwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni pé "ẹ̀gbọ́n, Àbújá ni mò ń lọ, ibo ni kí n ti wọ̀ ọ́?" Ọ̀pọ̀ wọn ti ní ìdáhùn nínú kí wọ́n tó bèèrè o. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn rí á ní Ìbàdàn ni, ará Iléṣà á ní ṣebí Àkúrẹ́ ló rọ òun lọ́rùn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tí kì í bá ti í ṣe Èkó, lójú tiwọn, kò tíì di ẹ́pọ́ọ̀tù. Ìlú wa fúnra ẹ̀ ò tíì ní ibi tí èrò ti ń wọ bàálù, mo ṣì máa dé orí ọ̀rọ̀ Ìdó-Ọ̀ṣun, àmọ́ mẹ́rin ló yí wa ká tá a lè mú nínú ẹ̀. Kò sí èyí tó dáa jù fún gbogbo ìrìnàjò nínú wọn. Èyí tó dáa fún ẹni tó fẹ́ ṣe mítìnì l'Ábújá kó sì padà lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe òun ló dáa fún ẹni tó ń lọ Kánádà pẹ̀lú báàgì ràgàjì mẹ́ta.

Ohun tí mo sì rí ni pé àwọn èèyàn máa ń fi orúkọ àti bí ilé ṣe ń dán mú ẹ́pọ́ọ̀tù. Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ ná.

Ohun tẹ́ ẹ ń wò kọ́ lẹ máa gùn

Ẹ́pọ́ọ̀tù yòówù kó jẹ́, apá méjì ló pín sí. Apá àkọ́kọ́ ni ibi tí gbogbo ayé lè dé, géètì, ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, ibi tí dẹ́rẹ́bà ti ń já èrò sílẹ̀, àti gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa wọn ẹrù yín tí wọ́n á fún yín ní bọ́ọ̀dìn-páàsì. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ ara àti báàgì wò, látibẹ̀ lọ, ẹni tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì tàbí káàdì iṣẹ́ ò lè kọjá, ì báà jẹ́ ìyá yín ló fẹ́ sìn yín. Tẹ́mínà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yà ní fọ́tò, bóyá éésì ń ṣiṣẹ́, bóyá táìsì ẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n ń ta mííti-páì tó gbóná. Mi ò ní ìyẹn ò dáa, àmọ́ ohun tó máa sọ bóyá bàálù yín á gbéra lónìí àbí ẹ máa sun ìlú onílùú, apá kejì ló wà.

Rọ́ńwéè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Òun ni títì gbọọrọ tí bàálù ń sá lé lórí kó tó gbéra, òun náà ló sì ń balẹ̀ sí, tó bá ti kúrú, bàálù ńlá ò ní wá, ó tán. Ti Ìbàdàn tó wà ní Alákìá tó nǹkan bíi mítà 2,400. Ti Àkúrẹ́ lọ sí bíi 2,800. Ti Ìlọrin tó 3,100, ó sì fẹ̀ tó mítà 60. Èkó ní méjì, èyí tó gùn tó 3,900, èkejì tó wà lápá ibi tí àwọn bàálù abẹ́lé ń lò tó 2,743. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ìlọrin táwọn èèyàn ń fojú kéré yẹn, rọ́ńwéè ẹ̀ gùn ju ọ̀kan nínú méjì Èkó lọ! Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí àsìkò Háájì bá dé, bàálù gàgàrà lè kó àwọn ará Kwara láti Ìlọrin tààrà lọ sí Saudi láì kọ́kọ́ ya Èkó.

Lórí rọ́ńwéè náà ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà. Ti Ìbàdàn, 04 wà lápá kan, 22 wà lápá kejì. Ibi tí bàálù kọjú sí ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n á wo kọ́ńpáàsì tó ń ka títí dé 360, wọ́n á wá gé òǹkà tó kẹ́yìn kúrò, 040 á di 04. Ìlọrin jẹ́ 05 àti 23, Àkúrẹ́ 03 àti 21, ẹ ò rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síbì kan náà? Atẹ́gùn ló fà á. Lágbègbè wa, atẹ́gùn tó ń gbé òjò wá máa ń ti apá òkun bọ̀, láàárín gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, ọyẹ́ sì máa ń ti apá aṣálẹ̀ bọ̀, láàárín àríwá àti ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ bàálù ń fẹ́ kí atẹ́gùn dojú kọ òun nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀. L'Ékòó tí rọ́ńwéè méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì ló jẹ́ 18 àti 36, wọ́n wá fi L àti R yà wọ́n sọ́tọ̀ kí awakọ̀ má baà lọ balẹ̀ sórí èyí tí kì í ṣe tiẹ̀.

Láti rọ́ńwéè, bàálù á gba ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní tásíwéè, á máa rìn jẹ́jẹ́ títí á fi dé ibi tí wọ́n ń páàkì ẹ̀. Níbi páàkì yẹn lẹ ti máa mọ̀ pé ẹ́pọ́ọ̀tù ju ẹ́pọ́ọ̀tù lọ. Ní Èkó, ẹ lè gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gíga kan bọ́ sínú bàálù láìrí oòrùn rárá, àmọ́ ní Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ìdí ẹ̀ lórí kọnkéré. Tó bá jẹ́ ATR ni wọ́n gbé wá, ìyẹn bàálù onípánkà méjì yẹn, ẹ̀yìn lẹ máa gbà wọlé, ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ ló máa ṣí wálẹ̀ tó sì di àtẹ̀gùn, àwọn ẹrù á wà níwájú nítòsí awakọ̀. Ẹnì kan á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran, ọwọ́ ẹ̀ á nà, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà sápá ìyẹ́, ẹni tó bá fẹ́ dúró ya sẹ́lífì lábẹ́ pánkà á gbọ́ ohùn ẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á pín agbòòrùn fún yín, ẹ máa lo ìkan méjì-méjì, ẹ sì máa tutù díẹ̀ náà ni. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ ríro tàbí tó ń gbé ìyá àgbà rìn, kó ro ìyẹn mọ́ ọn kó tó yan ibi tó ti máa wọ̀ ọ́, kó sì ti sọ nígbà tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé òun máa nílò àga onítáyà.

Ilé gogoro tó ní gíláàsì lókè, táwà nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ NAMA ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún bàálù pé máa bọ̀, dúró, gbéra. Àwọn NiMet ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá rí àpò aṣọ gígùn kan tí wọ́n so mọ́ òpó tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìyẹn ló ń fi ibi tí atẹ́gùn ti ń wá han awakọ̀. Ibi tí wọ́n ń kó epo pa mọ́ sí tún wà, háńgà tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe wà (Èkó ló ti pọ̀ jù), ògiri tàbí wáyà tó yí gbogbo ẹ̀ ká náà sì ṣe pàtàkì, torí màlúù ti wọ rọ́ńwéè rí ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni panápaná. Bẹ́ẹ̀ wọ́n tún ń pín ìyẹn sí ìsọ̀rí láti 1 dé 10, gígùn bàálù àti bí ara ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n ń wò. ATR 72 ń fẹ́ ìsọ̀rí 5, Boeing 737-800 ń fẹ́ 7, 777-300ER tó ń ná òkè òkun ń fẹ́ 9. Òfin àgbáyé ni pé kí mọ́tò panápaná lè dé ibikíbi lórí rọ́ńwéè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó pẹ́ jù. Ẹ́pọ́ọ̀tù lè ní rọ́ńwéè tó gùn dáadáa kó sì jẹ́ pé mọ́tò panápaná tó wà níbẹ̀ ò tó fún bàálù ńlá, bàálù ńlá ò ní wá náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná náà rèé. Ẹ́pọ́ọ̀tù tí rọ́ńwéè ẹ̀ ò bá ní iná tó ń ṣiṣẹ́, tí oòrùn bá ti wọ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn, ọ̀pọ̀ lára àwọn kékeré ní Nàìjíríà ló rí bẹ́ẹ̀. Èkó gan-an ò mọ́ nínú ẹ̀, ọdún gbọọrọ ni rọ́ńwéè 18L tó wà lápá abẹ́lé fi wà láìní iná, tó fi jẹ́ pé bàálù Àbújá tó bá dé lálẹ́ á lọ balẹ̀ sí èyí tó jìnnà lọ́hùn-ún, á wá máa rìn ṣẹ́ṣẹ́ padà wá sápá abẹ́lé, ẹ lè jókòó sínú bàálù tó ti balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí 2022 ń parí lọ ni wọ́n tó yanjú ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ eléyìí ni pé tí ẹnì kan bá tà yín ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn láti Àbújá wá sí ẹ́pọ́ọ̀tù kékeré, tí bàálù yẹn bá pẹ́ wákàtí kan péré kó tó gbéra, ó lè ṣe é kó má wá mọ́ rárá, torí ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé.

"International" tó wà lórí géètì yẹn ńkọ́?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ẹ́pọ́ọ̀tù sí ìsọ̀rí pọ̀, wọn ò sì jọ ń wo nǹkan kan náà, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò jù ni ti ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù. Nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan ni. Nọ́ńbà ń sọ bí ilẹ̀ tí bàálù nílò láti fi gbéra ṣe gùn tó: 1 ò tó mítà 800, 2 bẹ̀rẹ̀ láti 800 kò sì dé 1,200, 3 láti 1,200 kò sì dé 1,800, 4 láti 1,800 sókè. Lẹ́tà ń sọ bí ìyẹ́ bàálù ṣe fẹ̀ tó láti ṣóńṣó ọ̀tún dé ṣóńṣó òsì: A ò tó mítà 15, B ò tó 24, C ò tó 36, D ò tó 52, E ò tó 65, F ò tó 80. Ìyẹ́ ATR 72 tó mítà 27, òun náà bọ́ sí C. Boeing 737-800 jẹ́ 4C, ìyẹ́ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36. 777-300ER jẹ́ 4E. A380 alájà méjì yẹn nìkan ló gba gbogbo F tán, ó ku díẹ̀ kí ìyẹ́ ẹ̀ pé 80. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdí tí tásíwéè fi gbọ́dọ̀ fẹ̀, tí òpó iná ò fi gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù.

Ẹ fọkàn sí ibì kan níbẹ̀ o. Mítà tí ICAO ń sọ nínú nọ́ńbà yẹn, ti ibi tó tutù dáadáa tó sì wà ní ìtẹ́jú òkun ni, wọ́n fi ìwọ̀n ooru 15 ṣe é. Ta ló rí ìwọ̀n 15 rí ní Ìlọrin lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà? Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ó máa ń fúyẹ́, ìyẹ́ ò ní rí i gbá mú dáadáa, ẹ́ńjìnnì náà á rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bàálù á wá nílò ilẹ̀ tó gùn sí i kó tó gòkè. Ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń sọ nígbà míì pé kí wọ́n dín ẹrù kù lọ́sàn-án, tí báàgì yín á sì dé lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀yin ti dé tipẹ́. Inú bí mi tó lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí, àmọ́ tí wọ́n bá fi mí sí ipò awakọ̀ èmi náà á fi báàgì sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti abẹ́lé àti òkè òkun. Ẹ́pọ́ọ̀tù òkè òkun ni èyí tó ní Kọ́sítọ́ọ̀mù, Imigiréṣọ̀n, àwọn elétò ìlera àti àwọn tó ń yẹ oúnjẹ àti ẹran wò, kí èrò lè ti ibẹ̀ jáde kúrò nílùú kó sì ti ibẹ̀ wọlé. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí rọ́ńwéè ṣe gùn tó. Lábẹ́ FAAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ẹ́pọ́ọ̀tù, márùn-ún tí wọ́n máa ń kà sí ti òkè òkun ni Èkó, Àbújá, Kánò, Port Harcourt àti Enugu. Ti Ìlọrin ń jẹ́ General Tunde Idiagbon International Airport, wọ́n fi orúkọ ọmọ ìlú wọn tó ṣe igbákejì Buhari láàárín 1983 sí 1985 sọ ọ́, orúkọ náà ń ró kìjí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Wẹsidé lásán, bàálù Àbújá àti ti Èkó lẹ máa bá. Ti Ìbàdàn tí wọ́n fi sọrí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ò pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń ná owó síbẹ̀ láti sọ ọ́ di ti òkè òkun.

Ẹkẹta, ta ló ni ín? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à ń fi wéra yìí, FAAN ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o. Ti Asaba, Uyo, Anambra, Adó-Èkìtì àti èyí tí Ògùn kọ́ sí Ìpẹru, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́ wọn. MMA2 n'Íkẹjà yàtọ̀ tiẹ̀, iléeṣẹ́ àdáni Bi-Courtney ló kọ́ tẹ́mínà yẹn, wọ́n sì ṣí i ní 2007, rọ́ńwéè tó ń lò ṣì jẹ́ ti ìjọba. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ ti sọ́jà. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́, iye èrò ni wọ́n ń kà, ẹ́pọ́ọ̀tù tó bá gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú gbogbo èrò tó wọ bàálù lórílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún, òun ni wọ́n ń pè ní large hub. Tí wọ́n bá ka tiwa bẹ́ẹ̀, Èkó àti Àbújá ló máa ṣíwájú.

Ká wá fi wọ́n wéra fún ìrìnàjò yín

Àbújá lọ, Àbújá bọ̀. Èmi á ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe tìtorí rọ́ńwéè, torí òun ló kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀nà ló fà á. Tẹ́ ẹ bá ti Òṣogbo gba Akódà, Ṣẹ̀kọ́nà, Gbọ̀ngán, Ìkìrè, Aṣèjìrè, Alákìá lẹ máa kọ́kọ́ kàn kẹ́ ẹ tó wọ ìgboro Ìbàdàn, ẹ ò ní í fojú kan gó-sílò Ìwó Road rárá. Wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, ẹ ti dé. Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà Òṣogbo ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, wọ́n á fẹ́ gbé yín dé Ìwó Road kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ míì padà sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn láti gàréèjì pé Alákìá lẹ ti ń bọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bàálù tó ń lọ ò pọ̀ lóòjọ́, tẹ́ ẹ bá pàdánù ọ̀kan, ó lè di ọ̀la. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ náà wà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pe iléeṣẹ́ bàálù kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá Ìbàdàn ni wọ́n ti ń gbéra lọ́sẹ̀ náà.

Ẹni tó bá ń rò pé wọn ò lè ti ẹ́pọ́ọ̀tù pa torí iṣẹ́ rọ́ńwéè, kó rántí Àbújá fúnra ẹ̀. Rọ́ńwéè kan ṣoṣo ló ní, ó sì bàjẹ́ débi pé ọjọ́ 8 oṣù kẹta 2017 ni wọ́n tì í pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Kaduna ni gbogbo bàálù ń balẹ̀ sí, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀sì kó èrò lọ sí Àbújá pẹ̀lú ọlọ́pàá níwájú lẹ́yìn. Ohun tí ẹ́pọ́ọ̀tù onírọ́ńwéè kan máa ń fi ojú èèyàn rí nìyẹn, Ìbàdàn, Ìlọrin àti Àkúrẹ́ sì rèé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní.

Ìlọrin ni mo fi ń ṣe ìkejì. Ẹ gba Ìkirun, Ìníṣà, Òkúkù, Ọ̀fà, Àjàsẹ́-Ìpo, bíi wákàtí méjì ni tí ọ̀nà bá dáa, àmọ́ ẹ́pọ́ọ̀tù yẹn wà lápá kejì ìlú, ẹ gbọ́dọ̀ la ìgboro kọjá kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ fi ìyẹn kún un. Ẹni tó bá ń gbé Ìkirun tàbí Òkúkù, kó má wulẹ̀ yẹ Ìbàdàn wò, Ìlọrin ni tiẹ̀. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, tí ekuru bá bo ojú sánmọ̀ tí awakọ̀ ò ríran, gbogbo wọn ló lè dá bàálù dúró, ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà láti ilẹ̀ máa ń ṣèrànwọ́ àmọ́ kò lè gba gbogbo ẹ̀. Bàálù àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Tí mítìnì yín bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ nínú ọyẹ́, ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má kó ara yín sí ìdààmú.

Àkúrẹ́? Fún ará Òṣogbo gan-an, mi ò rí ìdí ẹ̀, àyàfi tí àkókò bàálù wọn bá bá yín mu ju tàwọn méjì yòókù lọ. Ọ̀nà Iléṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lẹ máa gbà, ẹ́pọ́ọ̀tù náà sì wà lápá Ọ̀bà-Ilé ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ìyẹn ni pé ẹ máa la Àkúrẹ́ kọjá tán. Àmọ́ ará Iléṣà, Ìpetu tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹ máa lọ síbẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn.

Òkè òkun. Èkó ló ní gbogbo ẹ̀, bàálù tó pọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ń bá ara wọn du ọjà, rọ́ńwéè méjì tó fi jẹ́ pé tí ọ̀kan bá dá, èkejì wà. Tẹ́mínà òkè òkun àtijọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ Schiphol ní Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ, 1979 ni wọ́n ṣí i, èyí tuntun tó tẹ̀ lé e di lílò ní 2022. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ibí kì í mọ̀ ni pé tẹ́mínà abẹ́lé àti ti òkè òkun ò sí nínú ọgbà kan náà, ẹ máa wọ mọ́tò láàárín wọn, abẹ́lé fúnra ẹ̀ sì pín sí MMA1 àti MMA2, ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí táasì tó já yín síbi tí kì í ṣe tiyín. Ìṣòro Èkó ni ọ̀nà. Láti Òṣogbo dé Ìkẹjà, wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ ire, ọjọ́ tí mọ́tò ńlá bá dojú dé ní ọ̀nà márosẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ ṣírò owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kẹ́ ẹ tó ní ó pọ́ọ́kú.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi han àwọn oníbàárà mi: ẹ ti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin wọ bàálù lọ Àbújá, kẹ́ ẹ wá ti Àbújá gba Ethiopian tàbí Turkish lọ síbi tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ̀yin ò rí ọ̀nà Èkó sójú nìyẹn, tẹ́mínà méjèèjì l'Ábújá ò sì jìnnà síra wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì ò ní dúró dè yín, kò sì ní dá owó yín padà. Tí èkejì bá máa gbéra lálẹ́, ẹ mú bàálù àárọ̀ lọ Àbújá. Ẹ má mú ti ọ̀sán.

Ẹrù nìkan ló kù nínú èyí. ATR kì í gba ẹrù púpọ̀, ẹ ò lè kó kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì, àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan àti báàgì mẹ́ta lọ wọ̀ ọ́ n'Ílọrin. Ẹni tó ń kó ilé lọ sí òkè òkun, Èkó ni kó lọ.

Ìdó-Ọ̀ṣun tiwa

Ilẹ̀ ẹ́pọ́ọ̀tù tó wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun ti wà látayé àwọn òyìnbó, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni wọ́n wá tún un gbé dìde, wọ́n sì fi orúkọ MKO Abíọ́lá sọ ọ́, pẹ̀lú "International" náà níbẹ̀. Kò parí. Ní 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ gbé e lọ sí Ẹdẹ, àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun sì yarí pé ilẹ̀ àwọn ni wọ́n ti gbà fún un, ibẹ̀ ni kó wà. Èmi ò fẹ́ gbèjà ẹnì kankan nínú ìjà yẹn, Ìdó àti Ẹdẹ, ọ̀kan kì í ṣe ọ̀nà jíjìn sí èkejì fún ẹni tó ń gbé Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe é bèèrè ni irú bàálù tí wọ́n ń retí. Tó bá jẹ́ ATR àti Embraer tó ń lọ Àbújá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, lẹ́tà C ti tó, rọ́ńwéè tó tó ti Ìbàdàn ti ṣe é, kí wọ́n kó owó yòókù sórí iná rọ́ńwéè, panápaná ìsọ̀rí 7 kí 737 náà lè wá, àti ògiri tó yí i ká. Tó bá jẹ́ 4E ni wọ́n fẹ́ kọ́ kí bàálù Jeddah lè balẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí Háájì bá parí, torí Ìlọrin tó ti ní rọ́ńwéè mítà 3,100 ò jìnnà sí wa ju wákàtí méjì lọ.